Ògiri Nìkan Kò Tó

Ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ inú ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Oúnjẹ àti ijó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà a kò ní pẹ́ púpọ̀.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwa ti ṣe mẹ́wàá, a kò tíì túká. Àwọn tí wọ́n bá wa bẹ̀rẹ̀ tí ikú ti mú lọ láàárín wa, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Àwa tó ṣẹ́kù, kí á jọ dàgbà, kí á jọ dogbó.

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí àwa tí a jẹ́ olùkọ́ nínú ẹgbẹ́, àwa tí a ti fẹ̀yìn tì àti àwa tí ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ wa, sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìrántí tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe fún àwọn ilé-ìwé wa. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a mọ ògiri yí ọgbà ilé-ìwé ká, kí a sì gba ọlọ́dẹ sẹ́nu géètì. Àbá rere ni, a kò wá láti ta kò ó. Ohun tí a wá sọ ni pé ògiri lè dènà ẹni ibi, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú ọkàn ọmọ tí ibi ti bá pàdé rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jókòó sínú ọgbà tí ògiri rẹ̀ ga ju ọ̀pẹ lọ, kí àyà rẹ̀ sì máa já láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá lu aago ilé. Ọmọ yẹn ni a fẹ́ gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ lónìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Emùré

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé Apostolic Faith ní Emùré-Èkìtì dúró, nígbà tó ń gbé àwọn ọmọ padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kó ọmọ, wọ́n kó olùkọ́, wọ́n kó awakọ̀ wọ igbó lọ. Ọjọ́ kan náà ni àwọn agbébọn mú kí ọba méjì wàjà lójijì níbòmíràn ní Èkìtì yìí. Òru mẹ́fà ni àwọn ọmọ náà lò nínú igbó. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 4 oṣù kejì, ni wọ́n tó bọ́. Awakọ̀ wọn kò bá wọn padà. Wọ́n ti pa á.

Emùré wà lápá ibòmíràn ní ìpínlẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. A mọ ọ̀nà tó gba inú igbó àti abẹ́ òkè láti Ẹ̀fọ̀n sí Ìtawùrẹ́, láti Àràmọ̀kọ sí Ẹ̀rìò àti Ìkógòsì. A mọ àwọn ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé wá sí ilé-ìwé, àti àwọn tí ọ̀kadà ń kó ní mẹ́ta mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ Emùré ká wa lára.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà dé, gbogbo wa dúpẹ́. Ó yẹ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tó kàn lẹ́yìn ọpẹ́. Ọmọ tí wọ́n mú nínú bọ́ọ̀sì, báwo ni yóò ṣe tún wọ bọ́ọ̀sì? Aṣọ ilé-ìwé ló wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, olùkọ́ rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀nà ilé ló wà. Gbogbo ohun tó yẹ kó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni ìpayà ti ta bò. Bí a bá wí fún un pé, “Ó ti tán, lọ sí ilé-ìwé,” ara rẹ̀ kò ní gbà pé ó ti tán.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ajínigbé nìkan. Ọmọ tí ìjì ṣí òrùlé kíláàsì mọ́ lórí, ọmọ tí ọ̀kadà gbé ṣubú tí ẹnì kejì rẹ̀ sì kú níbẹ̀, ọmọ tó jí ní òru tó rí i tí bàbá ń lu ìyá, ọmọ tí àgbàlagbà kan ti fipá bá lò pọ̀, ọmọ tí òbí rẹ̀ kú lójijì: gbogbo wọn ló ń bọ̀ wá sí ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé. Àwọn kan wà nínú kíláàsì wa tí a kò mọ̀.

Bí ọmọ ṣe ń sọ ọ́ láìlanu

Àwọn àgbà ní ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ohun tí wọ́n rí ni àwọn oníṣègùn náà rí. Bí ewu bá dé, ara ènìyàn a múra láti sá tàbí láti jà: àyà a máa lù kìkì, èémí a yára, etí a máa gbọ́ gbogbo ìró. Ìyẹn ló ń gba ẹ̀mí là. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn ewu ńlá, ara ọmọ lè máa wà ní ìmúra bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ewu kò sì sí mọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò lè gbọ́ ìṣirò tí tísà ń kọ́ lójú pátákó.

Ọmọdé kì í sábà wá sọ pé, “Ìyá mi, ẹ̀rù ń bà mí.” Ó ń fi ìwà sọ ọ́. Ọmọ ọdún 10 tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Inú ń run ún ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, kì í sì í run ún lọ́jọ́ Sátidé. Ó ń sùn ní kíláàsì nítorí pé kò rí oorun sùn lóru. Bí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn gbàà, ó fò dìde. Ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín dákẹ́. Èyí tó máa ń dákẹ́ di oníjà. Ẹlòmíràn a máa fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣe eré lójoojúmọ́: òun ni ajínigbé, òun ni ọlọ́pàá.

Kí ni a máa ń pe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀lẹ, olóríkunkun, atọ̀ọ́lé. A sì fa ẹgba yọ. Ọmọ tí ará rẹ̀ ń retí ewu, ewu náà ni a fi hàn án. Ní ilé-ìwé, ibi tí ó yẹ kó sinmi sí, ni ó ti wá mọ̀ pé àgbàlagbà mìíràn tún lè ṣe òun léṣe. Ẹ jọ̀wọ́, kí a tó bínú sí ọmọ tó yí padà lójijì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ara wọn ń balẹ̀ padà ní díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí wọ́n bá wà láàárín àwọn tó fẹ́ràn wọn, tí wọ́n sì rí i pé ọjọ́ ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Bó bá lé ní oṣù kan tí kò dẹ̀, tàbí tí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò fẹ́ wà láyé mọ́, kò gbọdọ̀ di ọ̀la kí a tó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Ọmọ Òṣoogùn tó ń jẹ́ Àjàyí

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní ọdún 1821, àwọn ológun ya wọ ìlú Òṣoogùn, wọ́n fi iná sí i, wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n kó òun àti ọ̀pọ̀ ẹrú sí. Àwọn olùgbàlà ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà pé nígbà tí wọ́n kó àwọn wọ inú ọkọ̀ ogun náà, tí àwọn rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so kọ́, tí àwọn sì rí ọta ìbọn ńlá tó rí roboto nílẹ̀, ẹ̀rù bà wọ́n pé ẹran ara àti orí àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn ni. Ìgbà tí àwọn sún mọ́ ọn tí àwọn wò ó dáadáa ni ọkàn wọn tó balẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ ńlá tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti gba ọmọ náà là, kò sì mọ̀ pé wọ́n ti gba òun là. Ẹni tó wá tú u sílẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Nítorí náà, bí ọmọ tó ti kan ìjàngbọ̀n bá ń sá fún ọlọ́pàá, fún Àmọ̀tẹ́kùn, tàbí fún tísà tó fẹ́ràn rẹ̀, kì í ṣe aláìmoore. Ohun tó nílò ni kí ẹnìkan fi sùúrù ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ rí fún un, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Oṣù kẹfà ọdún 1822 ni Àjàyí gúnlẹ̀ sí Freetown. Wọ́n fi í sí ilé-ìwé, wọ́n tún kọ́ ọ ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: Àjàyí Crowther ni, tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ló kọ ìtàn bí wọ́n ṣe mú un? Ọdún 1837 ni, ọdún 16 lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní àkókò tirẹ̀. Ilé-ìwé tó gbà á kò nílò ìtàn yẹn kí wọ́n tó fún un ní bẹ́ǹṣì tí yóò jókòó sí.

Ohun tí ilé-ìwé lè ṣe

Ní ọdún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn tẹ ìwé kan jáde fún àwọn tí kì í ṣe dókítà, kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń ran ẹni tí ìjàngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá lọ́wọ́. Ohun mẹ́ta ni ó kọ́ni: wò ó, gbọ́ ọ, so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Kò sí èyí tó kọjá agbára tísà abúlé níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ṣe lè rí ní àwọn ilé-ìwé tiwa.

Èkíní, kí ọmọ ní ẹnìkan. Kí ọmọ tí ìpayà bá mọ tísà kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó jẹ́ pé òun ni yóò máa kí i ní géètì ní òwúrọ̀, òun ni yóò máa lọ bá bí àyà rẹ̀ bá já. Kí onítọ̀hún mọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì mọ oríkì rẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wa la mọ bí orí ìyá ṣe ń wú, tí ojú ọmọ sì ń là, bí a bá pe ọmọ ní Àkànbí tàbí ní Àdùkẹ́. Oríkì ń sọ fún ọmọ pé ó ní ibi tó ti wá, ó sì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Èkejì, kí ọjọ́ má yí padà lójijì. Ohun tí ọmọ tí ìpayà bá ń bẹ̀rù jù ni ohun tí kò retí. Kí tísà máa sọ ohun tí wọn yóò ṣe lọ́jọ́ náà ní òwúrọ̀: ìṣirò ni, lẹ́yìn náà ìsinmi, lẹ́yìn náà ìtàn. Bí wọ́n bá fẹ́ lu aago ńlá, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń bọ̀ wá kan pánù, bí ọlọ́pàá bá ń bọ̀ wá bẹ ilé-ìwé wò, kí wọ́n ti sọ fún ọmọ náà ṣáájú. Kí wọ́n jẹ́ kó yan ibi tí yóò jókòó sí. Ọ̀pọ̀ wọn a fẹ́ ibi tí wọ́n ti lè rí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta, kí ibi kan wà tí ó lè lọ. Kì í ṣe ilé tuntun ni a ń sọ. Àga kan lábẹ́ igi máńgò tàbí igun kan ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé ti tó. Bí àyà ọmọ bá ń lù, kó ṣe àmì fún tísà, kó lọ jókòó síbẹ̀, kó mí sínú mí síta díẹ̀díẹ̀, kó mu omi, kó padà wá. Kò sí pé à ń bi í, “Níbo lo lọ?” lójú gbogbo kíláàsì.

Ẹ̀kẹrin, kí a ká ẹgba kúrò lọ́rùn rẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le lójú àwọn kan, nítorí ẹgba ni wọ́n fi tọ́ àwa náà. Àmọ́ ọmọ tí ìbọn ti dún sí létí kò rí ẹ̀kọ́ kankan nínú ẹgba. Ìbọn náà ló tún ń gbọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí a rántí àwọn olùkọ́. Ní Emùré, olùkọ́ wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Tísà tí òun fúnra rẹ̀ kò rí oorun sùn kò lè fi ọkàn ọmọ balẹ̀. Ó nílò ìsinmi, ó nílò ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀, ó sì lè nílò kí a gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tó yẹ kí àwa ará ìlú dáwọ́ dúró

Ẹ má bínú sí wa, nítorí àwa náà wà nínú rẹ̀.

Bí ọmọ bá bọ́ lọ́wọ́ ewu, a máa ń mú un jáde níwájú ìjọ tàbí níwájú ìpàdé pé kí ó wá sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Ọkàn rere ni a fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe di gbohùngbohùn mú níwájú igba ènìyàn yẹn, inú igbó ni ọkàn rẹ̀ tún wà. Ẹ jẹ́ kí òbí rẹ̀ dúpẹ́ fún un. Bó bá fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ náà jẹ́ tirẹ̀, kí ẹni tí yóò gbọ́ ọ sì jẹ́ ẹni tó yàn. Bó bá ń sọ ọ́, a kò gbọdọ̀ pa á lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a yọ fóònù kúrò lójú ọmọ. Fọ́tò ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú igbó jáde, tí aṣọ rẹ̀ ti ya, tí a fi ń ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp àti Facebook, yóò wà níbẹ̀ títí ó fi máa di ọmọ ogún ọdún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí a máa wádìí ohun tí wọ́n ṣe fún un lẹ́nu kànga àti lójú ọjà. Òfin tó ń dènà ìwà ipá sí obìnrin àti ọmọdé ti wà ní Èkìtì láti ọdún 2011, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè pa òfófó. Àwa fúnra wa ni yóò pa á.

Ẹ̀wẹ̀, bí ọdún bá dé, ẹ jẹ́ kí á kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa bángà lẹ́bàá ilé-ìwé àti lẹ́bàá ilé irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ eré fún ẹnìkan lè mú kí ẹlòmíràn wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Èsì fún àwọn ìbéèrè kan

Àwọn kan yóò ní, “Ọmọdé ni, yóò gbàgbé.” Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ bi ara rẹ̀ pé ìgbà wo ni òun gbàgbé ohun tó dẹ́rù ba òun jù nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún 7. Ọmọdé kì í gbàgbé; ó ń dákẹ́ ni.

Àwọn kan yóò ní, “Àdúrà ti tó.” Àwa náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dá lẹ́sẹ̀, a máa ń gbàdúrà, a sì máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ọgbẹ́ ọkàn náà ní àwọn tó ń tò ó. Wọ́n wà ní ilé-ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tí kò jìnnà sí Ìjerò, wọ́n sì wà ní ti ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Ẹni tó bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ kò ba orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́.

Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ dókítà ni èyí, kí ló kan ẹgbẹ́? Ẹ jẹ́ kí a rántí Dókítà Adéoyè Lámbò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, nítòsí Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ̀ wọ́n sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ olúkúlùkù wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, wọ́n sì ń padà sí àárín ènìyàn ní alẹ́. Gbogbo ayé wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Ohun tó rí ni pé oògùn ní iṣẹ́ tirẹ̀, àárín ènìyàn náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwa ni àárín ènìyàn náà. Bí ojú kan bá ti bímọ, igba ojú ló ń wò ó.

Àbá wa fún ẹgbẹ́

Lẹ́yìn tí wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin 276 ní Chibok ní ọdún 2014, orílẹ̀-èdè yìí bẹ̀rẹ̀ ètò ààbò ilé-ìwé, owó sì wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, ìjínigbé kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n tún kó àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Kuriga ní ìpínlẹ̀ Kaduna. A kò ní lágbára ìjọba. Ohun tí agbára wa ká ni a fẹ́ kí a ṣe, kí a sì ṣe é dáadáa.

Àbá kìíní: kí a mọ ògiri náà, ṣùgbọ́n kí a yọ ìdá kan nínú owó náà sọ́tọ̀ láti fi kọ́ tísà méjì ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan tí a bá yàn. Kí a bẹ àwọn oníṣègùn ọkàn láti Ìdó àti Adó kí wọ́n wá kọ́ wọn bí a ṣe ń wò, bí a ṣe ń gbọ́, àti ìgbà tí a gbọ́dọ̀ so ọmọ pọ̀ mọ́ ilé-ìwòsàn. Bí ògiri bá wó lẹ́yìn ọdún 20, ohun tí tísà mọ̀ kò ní wó.

Àbá kejì: kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílé, pàápàá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, pín ara wọn sí ọ̀nà ilé-ìwé. Kí àwọn ọmọ abúlé kóra jọ sí ibi kan, kí àgbàlagbà tí wọ́n mọ̀ tẹ̀ lé wọn lọ, kó sì tẹ̀ lé wọn bọ̀. A ó ṣe é pẹ̀lú ìmọ̀ àwọn ọlọ́dẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn. Iṣẹ́ àwọn tó ní ìbọn yàtọ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí ọmọ rí ojú tó mọ̀ lójú ọ̀nà.

Àbá kẹta: kí owó ọkọ̀ wà nílẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ẹ̀fọ̀n lè mọ̀ pé ọmọ òun nílò ìtọ́jú ní Adó, kí ó má rí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù. Kí àpò kékeré kan wà fún èyí. Kí ẹni méjì péré máa mojú tó o, kí wọ́n máa sọ iye tí wọ́n ná nínú ìpàdé láìdárúkọ ọmọ.

Àbá kẹrin kò ní owó nínú: kí olúkúlùkù wa padà sílé lónìí kí ó sì pa ọ̀rọ̀ tó ń fi ọmọ ṣe ẹlẹ́yà mọ́lẹ̀ nínú ilé tirẹ̀. Bí àwọn ọmọ wa bá pe ẹlẹgbẹ́ wọn ní “ọmọ tí wọ́n jí gbé,” ẹ jẹ́ kí á pe orúkọ ọmọ náà fún wọn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ohun tí ẹgbẹ́ fi ń jẹ́ ẹgbẹ́ ni pé bí ọ̀kan bá wẹ̀yìn, kó rí ẹni tó dúró tì í. Fún ọdún 10, a ti ṣe é fún ara wa: nínú ìgbéyàwó, nínú ìsìnkú, nínú àìsàn. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a na ọwọ́ kan náà sí àwọn ọmọ tí wọ́n kò tíì dàgbà tó láti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Kí ọmọ tí ẹ̀rù ti bà jókòó sí kíláàsì ní Ìjerò, ní Àràmọ̀kọ, ní Ẹ̀fọ̀n, kí ó wẹ̀yìn, kí ó rí wa, kí ó sì yíjú padà sí ìwé rẹ̀.

Ọmọ wa kò ní di àwátì. Ọ̀nà ilé-ìwé yóò là fún wọn ní àlọ, yóò sì là fún wọn ní àbọ̀. Ẹgbẹ́ wa kò ní túká, a ó ṣe ogún ọdún nínú àlàáfíà. Àṣẹ.